Bí Báláú Ṣe Bá Ọ̀tá Aṣọ Funfun Rẹ́

Alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Báláú. Kì í ṣe orúkọ àbísọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí aṣọ funfun tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde máa ń funfun báláú débi pé èèyàn á fẹ́ẹ́ di ojú tó bá rí i nínú oòrùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ. Yàrá ẹ̀yìn ló ti ń fọṣọ, tiwájú ló ti ń lọ̀ ọ́, okùn mẹ́fà sì wà ní àgbàlá tó ń sá wọn sí. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà nípẹ̀kun òpópónà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fọ̀.

Báláú ní ọ̀tá kan láyé, bẹ́rì dúdú ni: èso wẹ́wẹ́ tó máa ń ṣù pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí igi ẹlẹ́gùn-ún. Tí omi rẹ̀ bá kan aṣọ funfun, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Epo, màá fi ọṣẹ bẹ̀ ẹ́, á gbà. Ẹ̀jẹ̀, màá fi omi tútù tù ú, á gbọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́rì! Àlejò tó fẹ́ẹ́ di onílé ni."

Ohun tó wá dùn ún jù ni pé ọ̀kan hù lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ gan-an. Ọdọọdún ló ń fi àdá gé e, ọdọọdún ló sì ń rú bí ẹni pé àdá ni ajílẹ̀ rẹ̀.

Ooru áyọ́ọ̀nù kì í ṣeré. Láti àárọ̀ ni òógùn á ti máa ṣàn lára Báláú, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ló sì fi ń pa òǹgbẹ. Ìgò kan á tẹ̀ lé òmíràn, bisikíìtì á sì máa tẹ̀ lé ìgò. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ikùn rẹ̀ ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Tó bá ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ á yọ lára èrìgì rẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ pàápàá ti di pápá ìjà: ó lè jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ á fi wá kan ilẹ̀kùn pé, "Bàbá wọn, ṣé kò sí o?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó jẹun, ó gbé ẹrù aṣọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bó ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì fara ti ògiri. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá rí i, ó sì fà á wọ yàrá kan. Ó gún un níka, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Méjìdínlọ́gọ́fà ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tó ọgọ́rùn-ún kẹ́ ẹ tó jẹun," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bàbá, àtọ̀gbẹ ti ń kan ilẹ̀kùn o. Kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Báwo? Èmi tí mi ò kì í fi ṣúgà sí tíì?"

"Ìgò mélòó lẹ ń mu lójúmọ́?"

Báláú gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Kò pọ̀. Mẹ́rin. Tí oòrùn bá mú, márùn-ún."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé ìgò yẹn jù sílẹ̀, omi ni kẹ́ ẹ máa mu. Tí ẹnu yín bá ń wá nǹkan dídùn, ẹ jẹ èso. Tẹ́ ẹ bá rí bẹ́rì, á dáa gan-an. Ó dùn, síbẹ̀ ṣúgà inú rẹ̀ ò pọ̀. Fọ́nrán inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn. Fítámì C tó wà níbẹ̀ dáa fún èrìgì. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ yẹn pàápàá, àwọn onímọ̀ ní ó jọ pé ó ń ṣe ọkàn láǹfààní."

"Àwọ̀ tó ń ba aṣọ jẹ́ yẹn?"

"Òun gan-an."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fìdí kalẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń fi àdá lé oore dànù!"

"Ṣé kí n wá lọ bẹ ọ̀tá ni?"

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé abọ́ dání."

Báláú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó já ẹyọ kan, ó kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ síbi tó jìnnà. Ó ju bẹ́rì sẹ́nu. Ó kan díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dùn. Ó mú òmíràn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú, abọ́ ti ṣófo, ètè ọkọ rẹ̀ sì dúdú bí ètè ọmọ tó mu yíǹkì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Orí ń fọ́ ọ nítorí ìgò tó pa tì, ó sì ń bá gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù jà. Àmọ́ ó fàyà rán an. Ó ń mu omi, ó ń jẹ bẹ́rì ẹ̀kúnwọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì pa bisikíìtì tì pátápátá. Kò tó oṣù kan tí ìyàwó rẹ̀ ò fi ní ìdí láti kan ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ mọ́.

Àwọn ẹyẹ náà wá gbọ́ pé bẹ́rì ti wà ní ọ̀fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Báláú jáde sí àgbàlá, ó sì bá aṣọ nọ́ọ̀sì méjìlá lórí okùn, àbàwọ́n tó-tò-tó elésè àlùkò lára gbogbo wọn. Ẹyẹ ti jẹ, ẹyẹ ti yàgbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ mọ́rí. Báláú wọlé, ó mú àdá, ó sì rìn tààrà lọ sídìí igi.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wo igi, ó wo aṣọ, ó wo ikùn ara rẹ̀ tó ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àdá gún ilẹ̀, ó sì kígbe pé, "Ìyá wọn, bá mi gbé omi kaná!"

Ó na aṣọ kọ̀ọ̀kan sórí abọ́ ńlá, ó gbé kẹ́tù sókè gíga, ó sì ń da omi híhó sójú àbàwọ́n náà títí ó fi ń ṣá, tó ń ṣá, tó sì lọ ráúráú. Kó tó di ọ̀sán, aṣọ méjèèjìlá ti padà funfun báláú. Àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ ló fi bo igi, àwọn ẹyẹ sì bá tiwọn lọ.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, ó padà síwájú nọ́ọ̀sì àgbà láìjẹun. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún!"

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa kẹ̀! Bàbá, ẹ ti lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà!" Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì yòókù, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ó wá fi kún un pé, "Kì í ṣe bẹ́rì nìkan ló ṣe é o. Ìgò tẹ́ ẹ pa tì náà ṣiṣẹ́."

"Mo gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jó ná." Báláú sì jó láti yàrá náà dé ẹnu géètì, tòun ti ẹrù aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n kó fún un lórí.

Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ti ń pè é wá bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó máa ń gé ẹ̀ka bẹ́rì wá fún ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gbìn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ṣé mi ò lè máa mu ìgò mi lọ, kí n ṣáà máa fi bẹ́rì lé e?"

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Báláú dáhùn, "ṣé wọ́n máa ń fọ aṣọ nínú ẹrẹ̀ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì na ọwọ́ gba ẹ̀ka méjì.