Táyà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Pupa Náà

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni Ọmọọba Jídé gbé táyà mẹ́rin wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ikate. Ó ní kí n so wọ́n mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kíákíá. Mi ò tíì fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn tí ara mi ti kọ̀ wọ́n. Wọ́n ti dán jù. Táyà tuntun máa ń dúdú, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ máa ń gbẹ ni. Tirẹ̀ ń kọ mọ̀nà bíi bàtà sójà lọ́jọ́ páréèdì. Ẹni tó bá fi òróró pa táyà lára báyẹn, bóyá ó ní nǹkan tó ń bò mọ́lẹ̀.

Mo bi í pé, "Ọmọọba, níbo lẹ ti rà á?"

Ó ní, "Màdáámù, ṣé ibi tí mo ti rà á lẹ fẹ́ so mọ́ ọkọ̀ ni, àbí táyà?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbé jáàkì.

Iṣẹ́ fọkanáísà ni mò ń ṣe, ó sì ti lé lógún ọdún báyìí. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ ọ, gbogbo ọ̀gá tí mo lọ bá láti Jakande títí dé Ajah ló ń wo apá mi, tí wọ́n ń wo ìdí mi, tí wọ́n ń ní kí n lọ kọ́ irun ṣíṣe. Bàbá Ráfíù nìkan ló gbà mí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ajah, kò jìnnà sí ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà. Ó ju táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n yí i dé ẹ̀yìn ilé kí n sì yí i padà. Nígbà tí mo ṣe é tán, ó ní, "Ìyábọ̀, ọ̀la ni kó o bẹ̀rẹ̀. Má wọ síkẹ́ẹ̀tì wá." Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò nà mí rí, ṣùgbọ́n ó lè mú kí o tú táyà kan náà nígbà mẹ́fà lóòjọ́ títí ó fi máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí àwọn ẹ́sítéètì ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú irà káàkiri Lekki, ni àwọn ọkọ̀ asáré bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mo ní láti kọ́ iṣẹ́ mi lákọ̀tun. Táyà ọkọ̀ asáré kì í ṣe ẹgbẹ́ táyà bọ́ọ̀sì. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kó lè di ọ̀dà mú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga ju ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, bó bá ko kòtò kan báyìí, rímù ni yóò fi san án. Nínú irú ọkọ̀ pupa ti Ọmọọba, ti ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ náà. Lára táyà náà, wọ́n kọ bó ṣe fẹ̀ tó, wọ́n kọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, wọ́n sì kọ lẹ́tà kan tó ń sọ eré tó pọ̀ jù tó lè sá kó tó fà ya. Oníbàárà á máa bi mí pé èwo ló rẹwà jù. Lẹ́tà yẹn àti ọdún yẹn ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò.

Mo wò wọ́n lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo rẹ̀ pé. Ìyẹn gan-an ló tún fi kún ìfura mi, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi irin gbígbóná kọ ọdún tuntun sára táyà tòkunbọ̀.

Mo ní, "Ọmọọba, mi ò ní so ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọ ìdílé onílẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ni ilẹ̀ tí ìdajì ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi dúró lé, kò sì mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé rárá. Ó wo aṣọ funfun mi tí mo fi kọ́ sí ara ògiri, torí mo fẹ́ lọ sí ìsìn ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ó ní, "Ẹ̀yin aláṣọ funfun yìí, ṣé ìran lẹ rí sí táyà mi ni?"

"Rárá o. Táyà yìí lẹ máa fi gbé ọmọ yín lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀."

"Màdáámù, mo mọ ohun tó ń dùn yín. Torí pé mi ò ra táyà lọ́wọ́ yín ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ, torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ti béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lè bá a wá ojúlówó. Kò lè dúró. Ibi tí inú ti bí mi ni mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, "Ẹ mú ọ̀kan tó bá wù yín níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé e. Bí inú rẹ̀ bá dára, èmi ni màá san án."

Ó fẹsẹ̀ ta ọ̀kan nínú ti iwájú. Mo gbé ayùn. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí wa, oníwáyà, onípéńtì, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, gbogbo wọn pé jọ. Mo gé táyà náà já bí ẹni gé iṣu. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Rọ́bà rẹ̀ tutù, okùn inú rẹ̀ tò gbọ́rọgbọ́rọ láìjá. Táyà tuntun ni, ojúlówó.

N kò rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ yìí. Onípéńtì ní, "Ìran yìí ò wá láti òkè o!" Ọmọọba kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo ti rà á? Ọ̀dọ̀ Bàbá Ráfíù ní Ajah ni. Wọ́n ní ọ̀gá yín ni wọ́n. Wọ́n ní kí n gbé e wá fún yín, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n so bíi yín."

Ó dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá mi ni mo ń pè lólè láti àárọ̀ láìmọ̀. Mo bẹ Ọmọọba. Ó ní kí n so méjèèjì ti ẹ̀yìn ná, torí ti ara ọkọ̀ ti jẹ títí wáyà inú rẹ̀ fi yọ síta. Ti iwájú á dúró de èyí tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo so ti apá òsì. Kò ní wàhálà kankan. Mo gbé ti apá ọ̀tún sórí ẹ̀rọ, mo fi ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀, mo sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí i po bí Bàbá ṣe kọ́ wa láti máa ṣe ní gbogbo ìgbà. Ọwọ́ mi dé ibì kan ní ẹ̀gbẹ́, ó dúró. Nǹkan kan ga díẹ̀ níbẹ̀, kò ju bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ìwé lé ìwé lọ. Wọ́n ti fi nǹkan ha á kó lè tẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ táyà ti ya níbẹ̀ rí, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́. Fọkanáísà kankan kì í lẹ ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ asáré. Bí eré bá pọ̀, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ibẹ̀ ni yóò ti là bí ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo dúró síbẹ̀ tí ọwọ́ mi wà nínú táyà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni. Ta ló máa gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì? Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀gá mi ni mò ń bà jẹ́. Mo tún fura sí ara mi: ṣé kì í ṣe pé mò ń wá ọ̀nà tí n kò fi ní san táyà tí mo gé ni? Mo fọwọ́ yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ọmọọba, ẹ wá fọwọ́ síbí."

Ó fọwọ́ síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́. Ó wo ojú mi, ó wo ìgò àtè tó wà lórí tábìlì mi, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ lẹ nǹkan mọ́ ọn nísinsìnyí?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá Bàbá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e dání."

Ó sì gbé e dání lóòótọ́. Nínú ọkọ̀ mi, láti Ikate títí a fi dé Ajah, orí itan rẹ̀ ni táyà náà wà. Òróró dúdú ara táyà ń kó sára ṣòkòtò funfun rẹ̀, kò sì jẹ́ gbé e kalẹ̀. Ojú ọ̀nà ni mo ń wò, òun ń wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀: "Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Bàbá yín ló fẹ́ pa mí."

Mo ní, "Bàbá ò mọ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ráfíù ọmọ wọn ló ń tajà." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú.

Bàbá jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n mọ ohùn mi, inú wọn dùn. Ọmọọba kò kí wọn dáadáa; ó gbé táyà lé wọn lẹ́sẹ̀. Ráfíù jáde, ó rí táyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan. Ó ní mẹ́ta péré ló wà nínú irú táyà yẹn. Ó ní oníbàárà ní mẹ́rin lòun fẹ́, àti pé òun ò lè dúró. Ó ní òun rí ẹ̀kẹrin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, ni òun bá fi òróró pa gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè jọra.

Mo yíjú sí Ọmọọba. Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ráfíù ni. Bàbá ò mọ̀ sí i."

Bàbá ní, "Ìyábọ̀, dákẹ́."

Wọ́n fọwọ́ kan táyà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó tó kúrò níbí. Gbogbo táyà tó bá ń jáde ni mo máa ń kiwọ́ bọ̀. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ló dákẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù ò tà láti oṣù kan. Mo ní kí n má dójú ti ọmọ mi níwájú oníbàárà. Mo tún ní kí wọ́n gbé e lọ fún ọ, torí mo mọ̀ pé wàá rí i, wàá sì dá a padà, tí ẹ̀bi ò fi ní jẹ́ tèmi."

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga láti dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Ọmọọba ló sáré gbá wọn mú. Ó gbé wọn padà sórí àga, òróró táyà sì kó sára aṣọ àwọn méjèèjì. Ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi." Mi ò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i ni, àbí ẹ̀rù, àbí àánú. Bóyá òun náà ò mọ̀.

Ní tèmi, ìbínú ni. Mo ti gbé ọkùnrin yìí sọ́kàn bíi bàbá tó bí mi, ó sì ti fi mí ṣe ògiri tí yóò sá pamọ́ sí. Ká ní ara mi ò yá lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ká ní ìtìjú ti mú kí n dákẹ́? Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ kí n dákẹ́.

Ọkọ̀ pupa náà wà lórí òkúta ní ṣọ́ọ̀bù mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí mo fi rí táyà tó yẹ. Èyí tí mo gé, mo ra òmíràn dípò rẹ̀ fún un, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Ọmọọba gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá lọ́jọ́ tí mo so wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ní kí ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kò ta táyà mọ́. Ráfíù ń wa kẹ̀kẹ́ ní Lakowe. Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó lọ kí Bàbá. Nígbà tí mo lọ, a sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n àti òjò tó pọ̀ jù, a ò sọ nípa táyà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé táyà kan fún Ṣadé, obìnrin kan tó fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún un níwájú oníbàárà pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kó so ó. Ṣadé ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Ó fi ọṣẹ pa ọwọ́ rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Oníbàárà wò mí bóyá mo máa bínú. Inú bí mi díẹ̀, n kò ní purọ́. Mo wá àga, mo jókòó, mo sì dúró kó parí.