Lyon tí Akọ̀wé Fi Ẹnu Kọ́ fún Wa

Sùlàímọ́nù Àjàní, Òpómúléró, ọmọ aláṣọ tó ń bo àṣírí ènìyàn, ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògìyán, ọmọ Bùràímọ̀ Àlàó, ọmọ Ṣẹ̀fíátù Àṣàkẹ́. Ẹ sùn re o.

Orúkọ tí mo kọ yìí, ẹnu mi kì í pè é. Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà nínú ilé kí n tó wọlé bí ìyàwó, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ilé lórúkọ níbi tí wọ́n ti tọ́ mi. Bírò kan kì í kúrò ní àpò ẹ̀wù wọn nígbà náà, mo bá sọ wọ́n ní Akọ̀wé. Akọ̀wé náà ni mò ń pè wọ́n títí wọ́n fi dákẹ́ nínú ilé wa ní Becontree, ní London yìí.

Àwọn ọmọ ọmọ mi tí wọ́n bí ní Barking àti Dagenham ló ní kí n kọ bí ogun ṣe ká wa mọ́ ní Bouaké, nílẹ̀ Ivory Coast. Ìwé tí mo kà kò ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ fara dà á fún mi.

Àárọ̀ ni. Mo ti to abọ́ tánganran mi sórí tábìlì lọ́jà, èmi àti Ìyá Sàká tó ń ta ata sì ń bá ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní abọ́ mi ti wọ́n jù, àfi bí ọbẹ̀ bá máa ń hó nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. A gbọ́ ìró kan. A rò pé táyà ló bẹ́. Èkejì dún, ẹ̀kẹta dún, kò dáwọ́ dúró mọ́. Mo fi abọ́ sílẹ̀, mo sáré. Ìyá Sàká ní òun á kọ́kọ́ kó ata òun. Mi ò rí i mọ́ títí di òní.

Ọkọ mi, Làmídì, ti lọ ra ọjà ní Abidjan, ọ̀nà sì ti dí. Ó wá ku èmi, ìyá ọkọ mi, Ṣẹ̀fíátù, àwọn ọmọ mi, Ràfíù àti Kúbúrá, àti Akọ̀wé. Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni Akọ̀wé ń gbé. Wọ́n wá kí ìyá wọn ni, ogun bá sé wọn mọ́ ọ̀dọ̀ wa.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń sùn sí ní ọ̀sán gangan, nítorí ọta ìbọn tó lè gba ojú fèrèsé wọlé. Ìbọn ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń da òkúta sórí páànù. Gàrí tán. A jẹ iṣu, iṣu tán, a se èèpo rẹ̀. Lẹ́yìn ògiri wa gan-an ni àwọn ológun tó ń wá ènìyàn kiri ń gbà kọjá, Kúbúrá sì ń sunkún ebi. Akọ̀wé fà á mọ́ra.

“Ẹ wá,” ni wọ́n wí, “ẹ jẹ́ ká lọ sí Lyon. Ẹ di ara yín mú dáadáa.”

Wọ́n ní odò méjì ló wọ ìlú náà, Rhône àti Saône. Rhône ń sáré, ó tutù, orí òkè oníyìnyín ló ti ń bọ̀. Saône ń rọra rìn bí ìyàwó tuntun. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ilé àti ọjà kún inú rẹ̀, títí wọ́n á fi pàdé nísàlẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá pàdé tán, wọn kì í tètè pòpọ̀. Ènìyàn á máa wo àwọ̀ ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

“Irọ́ nìyẹn,” ni Ìyá wí. “Omi àti omi? Ta ló ń là wọ́n?”

“Ìyá, ojú mi yìí ni mo fi rí i.”

“Ojú rẹ yẹn náà ló rí ewúrẹ́ Àlàájì Músílíù tó pè é ní màlúù.”

A fi ọwọ́ bo ẹnu, à ń rẹ́rìn-ín, ìbọn ń dún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú wa rìn lójoojúmọ́. Wọ́n mú wa gun òkè Fourvière tí ṣọ́ọ̀ṣì funfun ńlá wà lórí rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní òkè tó ń gbàdúrà. Wọ́n mú wa gun Croix-Rousse, òkè tó ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ahunṣọ sẹ́dà gbé láyé àtijọ́. Wọ́n ní àjà ilé wọn ga fíofío nítorí pé òfì wọn ga. Ìyá, tí wọ́n hun kíjìpá nígbà ọmọge, dìde jókòó. Wọ́n ń bèèrè ẹni tó ń ran òwú, wọ́n ń bèèrè bóyá àwọn obìnrin pẹ̀lú ń hun ún.

Akọ̀wé sọ fún wa nípa ọ̀nà tó wà nínú ilé. Ènìyàn á ṣí ilẹ̀kùn kan ní àdúgbò kan, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, á gun àtẹ̀gùn, á yọ sí àdúgbò mìíràn. Ibẹ̀ làwọn ahunṣọ ń gbé aṣọ gbà kí òjò má baà pa á. Nígbà tí ogun wọ ìlú àwọn náà, ibẹ̀ làwọn tó ń sá fún ṣójà ń gbà bọ́.

Ràfíù bèèrè pé, “Bàbá Kékeré, ṣé ilé tiwa náà ní irú ilẹ̀kùn yẹn?”



Nígbà tí èèpo iṣu pàápàá tán, a jáde. A bọ́ sáàárín àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí apá gúúsù. Akọ̀wé pọn ìyá wọn, èmi pọn Kúbúrá. A dé ibi tí wọ́n fi igi dí ọ̀nà, ṣójà kan sì yọ Akọ̀wé sọ́tọ̀, ó ní ojú wọn ṣàjèjì, amí ọ̀tá ni wọ́n. Ó gba káàdì wọn, ó bọ́ sọ́dọ̀ mi.

“Ta ni ọkùnrin yẹn sí ọ?”

“Àbúrò ọkọ mi ni.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Akọ̀wé.”

Ohun tó wà lẹ́nu mi nìyẹn. Ó wo káàdì. “Kò sí Akọ̀wé níbí. O ò mọ̀ ọ́n rí.” Ó pariwo sí èkejì rẹ̀, ìyẹn sì ti Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó na ìbọn sí wọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ débí fún Àwáwù, ọmọ Ràfíù, ó ní, “Màmá, for real? Orúkọ lásán ni now! Ẹ ṣáà pè é!” Ọmọ mi, mo la ẹnu. Kò jáde. Ìyá ni mo ń wò.

Ìyá fi gbogbo ohùn wọn ké láti ọ̀ọ́kán, níbi tí Akọ̀wé sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí: “Pè é, ìyàwó! Mo yọ̀ǹda! Pe ọmọ mi!”

“Sùlàímọ́nù!” ni mo ké. “Sùlàímọ́nù Àjàní ni! Lyon ló ń gbé!”

“Lyon? Kí ló wà ní Lyon?”

Mo fi Faransé ọjà mi rìn ìlú náà fún un, ìlú tí mi ò dé rí. Mo mú un kọjá odò méjèèjì, mo mú un gun òkè àdúrà àti òkè iṣẹ́, mo mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ahunṣọ. Mo ní ọkọ̀ ojú irin kan ń sá lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láìsí awakọ̀, bí Akọ̀wé ṣe sọ fún wa. Ó bú sẹ́rìn-ín pé irọ́ tí mo pa yẹn tóbi jù.

Ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó lábẹ́ igi gbórí sókè. “Òótọ́ ni,” ló wí. “Mo ti wọ̀ ọ́ rí. Jẹ́ kí wọ́n máa lọ.”

A rìn jìnnà. Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láti ẹ̀yìn Akọ̀wé: “Ṣé òótọ́ ni pé kò ní awakọ̀?”

Ìyá dé ọ̀dọ̀ Làmídì, wọ́n fojú kàn án, ṣùgbọ́n ìyà ọ̀nà yẹn kò tán lára wọn títí wọ́n fi dákẹ́. Wọn kò rí Lyon. Èmi rí i, nítorí Akọ̀wé kò sinmi títí wọ́n fi kó wa débẹ̀. Wọ́n mú mi gun Fourvière, gbogbo ìlú sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, òrùlé pupa lórí òrùlé pupa, afárá lẹ́yìn afárá, odò méjèèjì ń dán, òkè oníyìnyín sì funfun lókèèrè bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti so rọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó.

“Ìyàwó,” ni Akọ̀wé wí, “ibo ni mo ti purọ́?”

“Ẹ ò purọ́, Akọ̀wé. Ẹ ò tiẹ̀ sọ ọ́ tán.”

A lọ síbi tí odò ti pàdé. Ọ̀kan dà bí ewé, èkejì dà bí ẹrẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè pé, “Ìyá, kò sẹ́ni tó ń là wọ́n o.” Bí a ṣe ń padà lọ, táyà ọkọ̀ kan bẹ́. Mo dojú bolẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sẹ́lòmíràn nílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n gbé búrẹ́dì há abíyá. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́ létí mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti jáde nínú ogun.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ ló gbé wa wá sí London. Akọ̀wé ṣiṣẹ́ ní Creekmouth, ní Barking, títí eegun wọn fi kọ̀. Làmídì ṣáájú wọn lọ sọ́run. Nígbà tí àìsàn dá Akọ̀wé dùbúlẹ̀, èmi ló kù tí mò ń mú wọn rìn Lyon. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á gbọwọ́ sókè díẹ̀.

Kí wọ́n tó kírun sí wọn lára, ìmáàmù bèèrè orúkọ olóògbé. Gbogbo ojú yí sí Ràfíù, ẹkún kò sì jẹ́ kó lè fọhùn. Mo bá sọ ọ́: Sùlàímọ́nù Àjàní, ọmọ Ṣẹ̀fíátù. Ìyá kò sí níbẹ̀ láti yọ̀ǹda.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin wọ́n, ní Barking.