Ìdì Igi Ẹ̀gẹ́ tí Dinah Gbé Lọ sí Òṣogbo

Oyèdìran ará Ìlobù ni ó bí Matthew; Matthew di olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ, ó fẹ́ Morónkẹ́ ọmọ Ìfọ́n, Dinah sì ni àkọ́bí wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìlú méjèèjì, tí ọ̀nà dá páropáro, ilé baba rẹ̀ àti ilé ìyá rẹ̀ ni ó kọjú ìjà síra wọn.

Dinah kì í ṣe oníwàásù. Iṣẹ́ olùkọ́ ni òun náà ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ ti dolóògbé. Ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé ọkọ náà ní Ìlobù ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí. Àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀ kò gùn: a máa bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi ẹnì kan tí òun lè ṣe lóore han òun lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kan, ní ọjà Òṣogbo tí ará ìlú méjèèjì ṣì ń ná, ó rí Rísíkátù, onígàárì ará Ìfọ́n tí wọ́n jọ ṣe ọmọdé.

Rísíkátù ní, "Dinah, o ṣì wà láyé. Mo rò pé iyanrìn inú gàárì Ìlobù ti pa ọ́ ni."

"Tìrẹ tí kò níyanrìn dà? Igbá rẹ ṣófo."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Rísíkátù. "Iná jó oko. N kò ní igi ẹ̀gẹ́ tí n ó gbìn, òjò sì ti ń dé."

Àgbẹ̀ kì í ta igi ẹ̀gẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ó ní a máa gé e fún ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìjà náà, kò sí ẹni tí ó gé e ránṣẹ́ sí ìlú kejì mọ́. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, Dinah gbé ìdì kan wá fún Rísíkátù.

"Má dá a padà fún mi. Bí ó bá gbó, gé e fún ẹlòmíràn, kí o sọ pé nítorí Jésù ni mo ṣe fún ọ."

"Ìmàle ni mí, Dinah."

"Mo mọ̀. Ẹ̀gẹ́ ni kò mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ìdì lọ, títí ọ̀rọ̀ fi dé etí Ọlálékan, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó ń bójú tó ilẹ̀ ẹbí. Ó wá bá a lóko.

"Ìyá Máyọ̀wá, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi yín joyè Ìyá Àgbẹ̀ ní Ìfọ́n."

Dinah kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dàgbà jù. "Oyè náà kò tíì dé, ọkọ mi."

"Kó má dé mọ́. Bí ìdì kan bá tún ti ilẹ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ á kúrò lọ́wọ́ yín."

Láti inú ilẹ̀ náà ni Dinah ti ń jẹun. Ó ronú lé ọ̀rọ̀ náà, ó gbàdúrà lé e. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó tún gbé ìdì mìíràn lọ. Ọlálékan kò yẹ ohùn: ó gba ilẹ̀, ó gbin àgbàdo sí i. Dinah kò bá a jà. Ó dúpẹ́ fún ìgbà tí òun ti fi jẹ níbẹ̀.

Ìròyìn dé Ìfọ́n. Àwọn obìnrin tí Rísíkátù ti gé igi fún, àti àwọn tí àwọn wọ̀nyẹn tún gé e fún, ru ìdì wá sí Òṣogbo pé kí Dinah fi dá oko mìíràn. Ẹrù náà ju agbára rẹ̀ lọ. Ó bẹ àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ní Ìlobù kí wọ́n wá bá òun rù ú. Ìyàwó Ọlálékan wà lára wọn. Àwọn tí kò kí ara wọn láti ìgbà ìjà wá jókòó ti ìdì igi, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Ìjọ yọ̀ǹda ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ fún Dinah. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ìlú méjèèjì, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, a máa pàdé ní Òṣogbo láti pín igi.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé kò tíì padà sọ́wọ́ Dinah. Aáwọ̀ ìlú méjèèjì kò tíì tán, Dinah kò sì fìgbà kan sọ pé òun ni òun yóò parí rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé obìnrin Ìlobù àti obìnrin Ìfọ́n tún ń fún ara wọn ní ohun tí wọn yóò gbìn, ilé púpọ̀ ní ìhà méjèèjì sì ń jẹun nínú rẹ̀.