Ẹni Tí a Bá Pọ̀n Kì í Ṣe Ẹrù

Ìkùukùu ló ṣáájú mi dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní pápákọ̀ òfurufú wa ní Heipang, nítòsí Jos, bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ìkùukùu á sùn sórí ilẹ̀ títí oòrùn á fi wá lé e lọ. Mo dúró lẹ́yìn kántà nínú yúnífọ́ọ̀mù tó fún mi lápá, mò ń wo ojú fèrèsé, mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní bàálù ń bọ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lókè, ó ń yí po lórí wa bí àlejò tó ń wá ojúlé tí kò mọ̀. Nígbà tó yá, ó yọ imú láti inú funfun yẹn, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

"Ke, ìwọ yìí, ṣé sinimá lo wá wò ni?"

Àǹtí Ladi ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Kuru lẹ́bàá Jos ni, obìnrin gíga tó lè fi ojú wọn ẹrù kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀. Hausa ló fi kọ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí òun náà sí, Jos ni wọ́n bí mi sí, Hausa sì ti di ata inú ọbẹ̀ Yorùbá mi. Tí mo bá lọ sílé lásìkò ọdún, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi á ní, "Fúnkẹ́, sọ̀rọ̀ ká gbọ́," wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín kí n tó lanu rárá. Ìyẹn ò bí mi nínú mọ́. Ó ti bí mi nínú tẹ́lẹ̀ o, kí n má parọ́.

Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú. Tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú sì ní òfin tirẹ̀. Ẹrù ọwọ́, èyí tí èrò lè mú wọlé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò méje lọ, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú férémù irin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà wa. Gbogbo ìyókù, abẹ́ bàálù ni. Ti abẹ́ bàálù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tó bá sì lé, ẹ́sẹ́ẹ̀sì ni, ẹni tó ni ín á san àfikún. Mo ti rí ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú yangàn fún gbogbo àdúgbò, tó wá dé iwájú mi tí ẹrù rẹ̀ gba gbogbo èrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni mo fi máa ń gba àwọn ènìyàn mi nímọ̀ràn: ẹ wọn ẹrù yín nílé, ẹ sì sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ti kántà máa ń wọ́n. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Wọn kì í gbọ́.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ fẹ́ ṣe? Ta ló ń ti Jos lọ lọ́wọ́ òfo? Bí èèyàn bá ti ní òun ń lọ sí Èkó, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: bá mi ra ọ̀dùnkún Áírìṣì, bá mi mú kárọ́ọ̀tì bọ̀, kábéèjì ibẹ̀ yẹn mà dára o. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó wọ kóòtù lé kóòtù wá síwájú wa. Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ò lè bá a wí, torí ohun tó bá wà lára èèyàn, aṣọ ni, kì í ṣe ẹrù. Ó gba bóòdìn páàsì rẹ̀, ó kọjá lọ bí ọba. Ìgbà tó ń gun àtẹ̀gùn bàálù ni àpò kóòtù ìsàlẹ̀ ya, tí Áírìṣì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ta pọ́ún pọ́ún bọ̀ sílẹ̀. Àǹtí Ladi ṣa ọ̀kan, ó sáré tẹ̀lé e.

"Ọ̀gá, ọmọ yín já bọ́."

Ọkùnrin yẹn gbà á, ó dúpẹ́, ó sì tún fi í sápò. Títí dòní, tí a bá rántí, a ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Ladi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ. Ó ní kí n má wo ẹrù, kí n wo ọwọ́ tó dì í mú. Ẹni tó gbé ọjà á gbé e bí ọjà, ẹni tó jí nǹkan gbé á gbé e bí ẹni tí iná ń jó lọ́wọ́. Mo mọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ọwọ́ èèyàn báyìí. Nígbà mìíràn tí kántà bá dá, màá kàn jókòó máa ro gbogbo ọwọ́ tó ti kọjá níwájú mi, wọ́n á máa ṣàn lọ lójú mi bí omi, títí ẹnì kan á fi kan tábìlì pé òun ti dé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ọwọ́ Màmá kan tó ń lọ sí Èkó.

Ọ̀sán ni, oòrùn sì mú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gbẹ́ni kan tí oríléeṣẹ́ rán wá láti Èkó láti wá ṣọ́ wa ti kó gbogbo wa jọ. Wọ́n ti gbọ́ pé a máa ń jẹ́ kí èrò kó ẹrù ọwọ́ méjì wọlé. Ó ka òfin náà fún wa bí ẹni ń ka ìwé mímọ́: ẹyọ kan, kò sí èkejì, àfi aṣọ ọrùn èèyàn àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá pọ̀n. Ó ní ẹni tó bá tún gba ẹrù kejì wọlé, kó máa wá iṣẹ́ mìíràn. Ó wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí èrò ń gbà lọ wọ bàálù, ó káwọ́ gbera, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tún wà. Jos ga. Pílọ́ọ̀tì kan ló ṣàlàyé fún mi pé afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́, tí oòrùn bá wá mú, bàálù kì í lè gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á yọ díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́, ìyẹn á tẹ̀ lé bàálù ọjọ́ kejì. Wọ́n ti sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí lọ́jọ́ náà. Àwọn èrò ò mọ̀.

Màmá ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ó gbé báàgì ńlá kan wá fún abẹ́ bàálù, ìwọ̀n rẹ̀ pé. Báàgì kékeré kan wà léjìká rẹ̀, oògùn àti oúnjẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun kẹta ló fi ọwọ́ méjèèjì gbá mọ́ra: aṣọ funfun tó di nǹkan kan sínú, ó tó ọmọ tuntun. Mo ti rí i lókèèrè níbi ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò, tó tú gèlè orí rẹ̀ tẹ́ sínú abọ́ kó tó gbé e lé e.

"Ẹ kú ìrìn, mà," ni mo sọ. "Ẹrù ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà láàyè, mà. Ẹ bá mi gbé ìyẹn sórí òṣùwọ̀n."

Kò gbé e. Ó tẹ orí sún mọ́ aṣọ funfun yẹn, ó sọ̀rọ̀ sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Àkànní, a ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù o. Má dá wọn lóhùn."

Ó gbójú sókè wò mí.

"Àbúrò mi ni, ọmọ mi. Angwan Rogo níbí ní Jos ni wọ́n bí wa sí. A sin ín síbí, torí ọ̀nà ò ṣeé gbé òkú rìn mọ́. Irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni mo fi ẹ̀wù rẹ̀ dì. Ìyá wa ṣì wà láyé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí n gbé ọmọ òun wálé, kí wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà," ni mo sọ. Gbogbo Hausa kúrò lẹ́nu mi, mi ò mọ ibi tó gbà.

Mo mọ àṣà náà. Nígbà tí wọ́n gbé ti bàbá bàbá mi lọ sílé, ẹni tó gbé e ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo odò àti gbogbo oríta, kó má baà ṣìnà. Mo ní kí Màmá jẹ́ ká fi í sínú báàgì kékeré yẹn. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Kí n kó o pọ̀ mọ́ oúnjẹ? Wọn kì í kó o pọ̀ mọ́ ẹrù. Wọn kì í gbé e kalẹ̀. Wọn kì í wọ̀n ọ́n."

Mo lọ bá Ọ̀gá Pam, alábòójútó wa. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, iṣẹ́ yìí ló gbójú lé. Ó wo ọ̀gbẹ́ni ará Èkó lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí.

"Haba, Fúnkẹ́. Jẹ́ kó lọ sábẹ́. Èmi á san ẹ́sẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fúnra mi."

"Tí wọ́n bá yọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Owó ò sì lè ra ipò kejì lókè, abẹ́ nìkan ni owó ń rà. Mo padà sí kántà. Mo ro aṣọ funfun yẹn lórí ilẹ̀ pápá nínú oòrùn, láàárín àpò Áírìṣì, kí ẹnikẹ́ni má sì wà níbẹ̀ tó máa sọ ibi tó wà fún un. Mo sọ òótọ́ fún Màmá: tó bá lọ sábẹ́, ó lè má bá a dé Èkó lónìí, tó bá sì wà lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé.

"Kò sí ohun tí wọ́n ń gbójú fò rárá?"

"Aṣọ tí ẹ bá wọ̀ nìkan, mà. Àti ọmọ tí ẹ bá pọ̀n."

Màmá tú ìró òkè ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀yìn.

"Wá bá mi gbé e lé ẹ̀yìn."

Mo jáde láti ẹ̀yìn kántà. Mi ò jáde bẹ́ẹ̀ fún èrò kankan rí. Mo gba Àkànní lọ́wọ́ rẹ̀, kò wúwo rárá, mo rọra gbé e lé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fa ìró yí i ká, ó so ó, ó tún un so, ó gbọ̀n ara díẹ̀ sókè bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe kí ọmọ lè jókòó dáadáa.

"Ìyá wa á lọ sọ́jà láàárọ̀, èmi ni màá pọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú," ló sọ fún mi. "Ẹ̀yìn yìí ló ti mọ ìrìn."

Mo fún un ní bóòdìn páàsì, mo sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Pam rí wa, ó yí ojú sí ògiri. A dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni ará Èkó na ọwọ́.

"Màmá, kí ló wà lẹ́yìn yín?"

"Àbúrò mi ni."

Ó wo ẹ̀yìn Màmá. Ó wo funfun tó yọ díẹ̀ lókè ìró. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, torí ọmọ Yorùbá lòun náà, ó sì jọ pé wọ́n ti gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wálé ní ilé tiwọn rí. Ó fa ọwọ́ tó nà sẹ́yìn.

"Ṣé ó ti sùn, mà?"

"Ó ti sùn."

"Ẹ rọra gun àtẹ̀gùn, mà," ló wí, ó sì yà lọ́nà.

Mo dúró lójú fèrèsé mi àtijọ́. Màmá ń gun àtẹ̀gùn lọ, ọwọ́ kan lẹ́yìn láti gbá ọmọ mú, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Mo mọ ohun tó ń sọ fún un. Èmi náà sọ ọ́ níbi tí mo dúró sí: Àkànní, ilẹ̀ Jos la fi sílẹ̀ yìí o. Ẹrù díẹ̀ ṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, báàgì ńlá Màmá sì wà lára wọn. Bàálù gbéra, ó di kékeré, ó wọ inú àwọsánmà.

Nígbà tí a fi báàgì yẹn ránṣẹ́ sí i, ó pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní nígbà tí òun délé, àwọn àgbà ilé ò fẹ́ kí ìyá òun sún mọ́ ọn, torí òbí kì í fojú rí òkú ọmọ. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní òun gbọ́, òun ò ní wò ó. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ní ẹ gbé e lé òun lẹ́yìn," ni Màmá wí fún mi. "Ó ní ojú ò sí lẹ́yìn."

Ó ní ó pọ̀n ọ́n rìn yí àgbàlá ká, ó ń kọrin tó fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní Angwan Rogo, kó tó jẹ́ kí wọ́n tú ìró.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Àǹtí Ladi béèrè ohun tó ṣe mí lójú.

"Wọ́n ti délé," ni mo wí.

Obìnrin kan ti dúró níwájú mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, àpò kárọ́ọ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo nu ojú mi. Mo kí ọmọ náà kí n tó kí ìyá rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n gbé kárọ́ọ̀tì sórí òṣùwọ̀n.