Àkọ́tà Alhaja

Ọjọ́ tí búrẹ́dì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe kọ́kọ́ ya bí òwú ni ọkàn mi ti kúrò lára gbogbo nǹkan mìíràn. Inú basement wa ní Pineridge, ní Calgary níbí, ni, kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ epo tí mo ń bá ya àwòrán páìpù ní kí èmi àti ìdajì àwọn tí a jọ wà ní ọ́fíìsì máa lọ sílé. Mo fa búrẹ́dì náà, kò tètè já. Ó nà, ó wá ya ní fọ́nrán-fọ́nrán, òórùn búrẹ́dì Agége sì gba gbogbo ilé. Ọmọbìnrin mi bù ú jẹ, ó ní, "Daddy, it's like a pillow, but sweet." Láti ìgbà náà, n kò sinmi mọ́.

Mo kọ́ ara mi ni. Fùláwà gíráàmù ẹgbẹ̀rún, omi gíráàmù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí búrẹ́dì Agége kì í ṣe èyí tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ilẹ̀ gíga ni Calgary, fùláwà pípò a máa tètè wú níbẹ̀, nítorí náà mo yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú yíìsì. N kò ní ẹ̀rọ tí àwọn oníbúrẹ́dì nílé lọ́hùn-ún fi ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Igi ni mo fi ń yí i, màá ká a, màá tún yí i, títí ara rẹ̀ yóò fi dán bí awọ bàtà tuntun. Ohun tó kù mí kù ni páànù gígùn tó ní ọmọrí, tí kì í jẹ́ kí orí búrẹ́dì yọ gọngọ.

Alhaja ní in. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta oúnjẹ ilé àti ohun èlò ìdáná ní International Avenue. Bí o bá ra ìrẹsì, á bu ata gbígbẹ fún ọ ní èènì. Dọ́là mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń ta páànù náà.

Èmi ìbá san án. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, owó rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé ilé wa ró báyìí. Láàárọ̀ Sátidé kan, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ó ní kí a tètè lọ. Àwa la kọ́kọ́ wọlé. Ó na fóònù rẹ̀ sí Alhaja.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wò ó. Online, twenty-two. Same size, ó máa dé ẹnu ọ̀nà wa lọ́la. Ṣé ẹ lè match ẹ̀?"

Alhaja wo fóònù, ó wo ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọlé. "Ìyàwó wa, ṣé fóònù yẹn máa ń fún yín ní èènì?"

"Ó máa ń fún wa ní free delivery, mà."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa. Mi ò tíì ta àkọ́tà. Ẹ mú un ní méjìlélógún."

Inú ìyàwó mi dùn, ó sùn fọnfọn nígbà tí a délé. Èmi kò lè po fùláwà. Ẹni tó bá mọ ọjà wa mọ̀ pé ọlọ́jà kì í fẹ́ kí oníbàárà àkọ́kọ́ padà lọ́wọ́ òfo, kí ọjà ọjọ́ náà má bàa bàjẹ́. Ìyàwó mi mọ̀. Ìdí tó fi ní kí a tètè lọ nìyẹn.

Lọ́sàn-án, mo mú dọ́là méjìlá padà lọ.

"Alhaja, ẹ gba èyí kún un."

"Gba kí ni? Oníbúrẹ́dì, wọn kì í fowó kún àkọ́tà lẹ́yìn tó ti tà. Ṣé o fẹ́ lé ọjà mi lọ ni?"

"Èló lẹ̀yin fúnra yín rà á?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó lé àpò ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ epo ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹrù tí àwọn tó kù ń rà lórí fóònù ń bá wọn délé nínú páálí. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Ogójì àpò ìrẹsì rèé," ló wí. "Tí wọn ò bá tà kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, màá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé."

Mo ní kí n máa gbé búrẹ́dì wá kó máa tà á. Ẹni tó bá wá ra búrẹ́dì á rí ìrẹsì. Ó gbà. Kíṣìnnì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìwé àṣẹ láti se oúnjẹ tà, ibẹ̀ ni mo ti ń yan án.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó mi wí, "nítorí twelve dollars, ẹ fẹ́ di oníbúrẹ́dì?" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ta ló máa gba ilé tiwa là, tí àwa náà bá ń san mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n káàkiri?"

Òótọ́ ló sọ, òótọ́ sì ni pé ìrẹsì Alhaja kò tà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́fà ni mo gbé lọ, mẹ́rin tà. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ogún lọ, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá géérégé, kò sí èyí tó wọ́. Àwọn ènìyàn tò títí dé ìta nínú snow. Wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń tẹ fóònù lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ogún náà ti tán. Àpò ìrẹsì tó tà lọ́jọ́ náà, nínú ogójì, jẹ́ méjì.