Ohun Tí Màámi Sọ Níwájú Ìjọ

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi ò tíì yọ lókè pẹpẹ tí bàbá mi ń sá kòkó lé, nǹkan kan máa ń ṣe mí tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, kí n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, kí oòrùn ràn, kí ewúrẹ́ máa jẹ èèpo iṣu níwájú mi, kí n ṣàdédé rí bàbá mi tó já bọ́ látorí igi obì, tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Mi ò sùn o. Ojú mi là sílẹ̀ kedere, ewúrẹ́ sì ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àyà mi á já, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á korò lẹ́nu mi, mi ò sì ní lè mí dáadáa títí bàbá mi á fi ti oko dé.

Kì í ṣe bàbá mi nìkan. Òkúta ńláńlá tó yí Ìdànrè ìlú wa ká, tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń gùn lọ ya fọ́tò, tí ẹ ń na ìka méjì sókè, mo máa ń rí i tó ń yí bọ̀ lórí ilé ìwé wa. Bí àyà mi bá ti já báyìí, màá yọ́ jáde ní kíláàsì, màá sáré dé ilé, màá yọjú wò bóyá màámi ṣì wà láàyè, màá sì sáré padà. Olùkọ́ wa nà mí títí ó fi sú u. Èyí tó burú jù ni ti ọ̀bẹ. Bí mo bá rí ọ̀bẹ nílẹ̀, tí àbúrò mi ọkùnrin sì ń rákòrò nítòsí, ojú mi á rí ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ tèmi gan-an ni ọ̀bẹ náà á sì wà. Bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ẹran inú ọbẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Bí wọ́n bá ní kí n wá bẹ iṣu, màá kọ̀, wọ́n sì ní ọ̀lẹ ni mí.

Aládùúrà ni wá nílé wa, ẹni tó bá sì mọ̀ wá mọ̀ pé a kì í fi ìran ṣeré. Ẹni tó bá sùn tó rí nǹkan, àlá ni. Ẹni tó bá rí nǹkan tí kò sùn, ìran ni, Ọlọ́run ló sì fi hàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi gbé gọ̀ǹgọ̀ lé èjìká tó fẹ́ lọ já kòkó, mo di ṣòkòtò rẹ̀ mú, mo ń ké. Ìyá bàbá mi, tí wọ́n bí sórí òkè kí àwọn èèyàn wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀, fà mí sápá kan, ó ní kí ni mo rí. Mo sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbàlagbà yẹn, ó ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run rántí ilé òun. Bàbá mi kò lọ sóko mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú mi lọ bá Bàbá Ìjọ, wọ́n gbàdúrà, kò sì sí ohun tó ṣe bàbá mi. Ẹ ò rí i, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí ohun tí mo rí bá ṣẹ, aríran ni mí. Bí kò bá ṣẹ, àdúrà ló yẹ̀ ẹ́. Kò sí bí mo ṣe lè wí i kí wọ́n gbà pé ẹ̀rù lásán ló ń bà mí.

Wọ́n rán aṣọ funfun fún mi, irú èyí tí àwọn aríran ń wọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n tó bí ìyá mi á pé lé mi lórí, wọ́n á ní kí ni mo rí nípa tiwọn. Bí wọ́n bá sì ti bi mí báyìí, ìbẹ̀rù wọn á di tèmi, màá sì rí nǹkan lóòótọ́. Mo rí ọkọ̀ tó dojú dé, obìnrin tó fẹ́ ná ọjà Ofosu kò lọ mọ́. Mo rí ejò, ọkùnrin ará Òkè-Ògùn tó ń bá bàbá mi tọ́jú oko, tí wọ́n jọ ń pín kòkó, sá fún oko títí kòkó fi jẹrà lórí igi. Ẹnikẹ́ni ò bínú. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ń rù, mi ò lè jẹun, nítorí bí wọ́n ṣe ń bi mí tó ni mo ń rí tó. Nígbà tó yá, Bàbá Ìjọ ní kí wọ́n mú mi lọ máa gbé ní ilé àdúrà kan ní Atosin, kí n máa gbààwẹ̀, kí ẹ̀bùn náà lè gbó. Èèyàn dáadáa ni, ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Bàbá mi gbà, inú ìyá rẹ̀ dùn. Ní tèmi, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò: bí mo bá wà ní Atosin, ta ni yóò máa sáré wá wò bóyá màámi ṣì wà láàyè?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí màámi jẹ́. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo àdúgbò wa. Bí wọ́n bá ti bímọ, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e, á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú gbo ó, á fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kó lè rí rogodo. Á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á jù ú sókè, á gbà á, á tún jù ú, bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa, kí ọmọ má baà ya ojo, kó má baà máa ta gìrì. Àwọn tó ń wòran á máa rẹ́rìn-ín, ọmọ á sì bà sọ́wọ́ màámi pẹ̀lẹ́. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn, àwọn ìyá máa ń ní kò tíì wẹ̀. Kò ní oyè kankan nínú ìjọ, kò ní in nínú ìlú. Èyí ni gbogbo iyì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà lé mi lórí kí n tó máa lọ, ilé ìjọsìn kún. Bàbá Ìjọ ní kí àwọn òbí mi mú mi bọ́ síwájú. Màámi dìde láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí gbogbo yín gbọ́ tún un sọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí ọmọ yìí ń rí kì í ṣe ìran. Ìbẹ̀rù ni. Èmi náà ti ń rí i láti kékeré."

Ìyá Ìjọ bi í pé kí ló ń rí. Màámi wò mí, ó wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti bá wẹ ọmọ wà níbẹ̀, tọmọ tọmọ.

"Ọmọ tí mo wẹ̀ ládùúgbò wa pọ̀, Ìyá. Kò sí ọ̀kan tí mo jù sókè nínú wọn tí ojú mi ò rí i pé mi ò gbà á, pé ó balẹ̀, ó kú. Kò sì sí ọ̀kan tó bọ́ rí. Bó bá jẹ́ ìran ni, mélòó nínú wọn ni ì bá jókòó síbí lónìí?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo rí obìnrin kan tó jókòó nítòsí rẹ̀, tó fi ìborùn bo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì sún kúrò díẹ̀. Ọmọdé ni mí, ohun tí mo rí yẹn ò yé mi títí ó fi pẹ́.

Bàbá Ìjọ ronú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá ìyá mi lọ sílé. Bí mo ṣe bọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìran nìyẹn. Wọ́n gba aṣọ funfun náà, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe màámi mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, ìyàwó kan ní ẹ̀yìnkùlé wa bímọ. A gbọ́ igbe ọmọ. Màámi gbé omi kaná, ó mú kànìnkànìn rẹ̀ jáde, ó jókòó, ó ń retí ẹni tí yóò wá pè é. Obìnrin kan láti Aládé ni wọ́n lọ mú wá. Omi náà hó, ó sì tutù, màámi fi fọ abọ́. Wọn ò bú u o. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ilé. Àmọ́ bó bá na ọwọ́ sí ọmọ wọn, ìyá ọmọ á rántí pé òun ń kánjú. Ìyá bàbá mi pàápàá ń gbé àbúrò mi lọ sùn ní yàrá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Màámi wá kọ́ mi bí mo ṣe lè máa bá nǹkan náà gbé. Ó gbé iṣu àti ọ̀bẹ síwájú mi, ó gbé àbúrò mi lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kàn-ánkán mi gan-an, ó ní kí n máa bẹ iṣu. Mo mú ọ̀bẹ, omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní bí ìbẹ̀rù náà bá dé, kí n má lé e, kí n má sì sáré tẹ̀ lé e, kí n jẹ́ kó kọjá bí àlejò tí a ò pè, kí ọwọ́ mi ṣáà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kí n yé sáré wá wo òun láti ilé ìwé, pé bí òun bá kú, wọ́n á pè mí. Àṣé màámi mọ àwàdà. A bẹ iṣu náà tán, ó rí wúruwùru, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́. Nǹkan yẹn ò lọ. Mo ti darúgbó, ó ṣì ń yọjú. Àmọ́ kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu mi mọ́.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo bi í bóyá ó ń dùn ún pé wọn ò pè é mọ́. Kò parọ́ fún mi.

"Ó ń dùn mí," ló wí, "ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bí."

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Àkúrẹ́, ó wá tọ́jú mi. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tẹ orí rẹ̀, ó na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá fi aṣọ wé e, ó gbé e fún mi. Mo ní, ẹ ò jù ú, Màámi. Ó ní apá ń ro òun. Kì í ṣe apá. Títí ó fi kú, kò ju ọmọ kankan sókè mọ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin bímọ ní Ìbàdàn. Ó pè mí lórí fóònù, irú èyí tí a fi ń rí ojú ara wa. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ní, ṣé ẹ mọ̀, Mọ́mì àgbà, pé mo máa ń rí i bíi pé ọmọ yìí já bọ́ lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn. Àyà mi já. Mo bi í pé ta ló ti sọ fún. Ó ní òun ti sọ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì ní àwọn ìyá ọmọ tó ń rí irú rẹ̀ pọ̀, ó dá ọjọ́ fún un kó wá rí dókítà, ọkọ rẹ̀ ló sì máa ń bá a lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Ẹnikẹ́ni ò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an gbọ́, ó wà níbẹ̀ tó ń bá a fọ aṣọ ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ń gbọ́ tí àwa àgbà ń ráhùn pé ayé àtijọ́ ló dáa jù, pé oúnjẹ dùn, pé ọmọ ń gbọ́ràn. Ní ti èyí, èmi ò ní bá wọn ráhùn. Inú mi dùn fún ọmọ náà, mo sì sọ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó pa fóònù, mo sunkún títí. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni kò kúrò létí mi, pé wọ́n pọ̀. Mo wá ń ro àwọn obìnrin tó kún inú ìjọ lọ́jọ́ náà. Ó dájú pé wọ́n wà níbẹ̀, àwọn tó ń rí ohun tí màámi ń rí, tí wọ́n di ọmọ wọn mú, tí wọ́n pa ẹnu mọ́. Mi ò lè bá wọn wí, wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Màámi ni mi ò lè gbé ti ẹ̀ kúrò lọ́kàn. Títí wọ́n fi gbé e sin, ohun tó mọ̀ ni pé nínú gbogbo ayé yìí, àwa méjèèjì nìkan ló ń rí i.