Ọmọ tó dáhùn nínú fíìmù

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bú fíìmù kan lórí ayélujára, ó wá ń dùn mí bíi pé èmi ni mo ṣe é.

Inú ìwé ìtàn ni wọ́n ti mú un. Mo ti ka ìwé náà kí n tó fi iléèwé sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbọ́ tí ìyá ẹ̀ tó ti kú ń pè é lẹ́yìnkùlé, ó sì dáhùn.

Wọ́n ní kò dẹ́rù bani rárá. "Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ̀ pé a kì í dáhùn tá ò bá rí ẹni tó ń peni?"

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi gbà á gbọ́ pé ọmọ náà lè dáhùn. Ẹnì kan fèsì: "Àbúrò, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa."

Lọ́sàn-án yìí, mo gbé fóònù lọ bá ìyá tó bí màmá mi níbi tí wọ́n ti ń bó obì ní àdúgbò Ìjòkú. Àwọn gan-an ló kọ́ mi ní èèwọ̀ yẹn, mo rò pé wọ́n máa pòṣé.

Wọ́n wò ó débi tí ọmọ náà ti dáhùn, wọ́n gbé obì ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Tó bá jẹ́ màmá ẹ ló pè ẹ́ ńkọ́?"

Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, a kì í dárúkọ wọn nílé wa.

Mo ní, "Màá dáhùn, Màmá."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ẹ̀yin tí fíìmù yẹn ò bà lẹ́rù, ta ló máa pè yín tẹ́ ẹ máa dáhùn?